Skríìnì láptọ́ọ̀pù mi kò gbọ́ ọwọ́ mọ́: ṣé kí n san ₦95,000 ni?

Ìbéèrè láti Ìkéré-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí. Láptọ́ọ̀pù mi, irú èyí tó ṣeé yí orí rẹ̀ sẹ́yìn kó dà bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, kò gbọ́ ọwọ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Àwòrán ń hàn kedere, kíbọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́, máòsì tí mo yá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí mo bá fi ìka kan skríìnì, bí ẹni fọwọ́ kan ògiri ni. Inú àpò ni mo gbé e sí nígbà tí mò ń ti Adó bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, takisí kún, ìyá kan sì gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé àpò náà lórí ẹsẹ̀ mi. Pádì abẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí à ń fi ìka rìn lórí rẹ̀ ti ń le láti tẹ̀ láti bí oṣù kan, ìdí nìyẹn tí mo fi yá máòsì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí mo gbé e lọ bá wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní skríìnì ti kú, kí n mú ₦95,000 wá. Máàkì àwọn ọmọ wà lórí rẹ̀. Ṣé kí n san án ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè oníkọ̀ǹpútà pa mí.

* * *

Tíṣà, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ o. Ẹni tó wo láptọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú méjì, tí kò tú ìdí rẹ̀, tí kò tilẹ̀ pa á kó tún un tàn, kò tíì mọ ohun tó ṣe é. Iye tó fẹ́ gbà ló mọ̀.

Ohun tó ń gbé àwòrán jáde àti ohun tó ń gbọ́ ọwọ́ yín, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí iṣu àti èèpo rẹ̀. Lábẹ́ dígí yẹn, àwọn ìlà tínínrín kan wà tí ojú kò lè rí, iná díẹ̀ sì wà lára wọn. Ara èèyàn ń gba iná. Tí ìka yín bá ti kan dígí, iná ojú ibẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ kékeré kan á ṣírò ibi tó ti yí padà, á sì sọ fún Windows, ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù yín, pé ibí ni wọ́n tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èékánná lásán kò fi lè tẹ̀ ẹ́, tí ìdí bírò oníke kò sì lè tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ kékeré yẹn ní wáyà tirẹ̀, ó sì ní driver tirẹ̀ nínú Windows. Driver tí mò ń wí yìí kì í ṣe awakọ̀ tó gbé yín bọ̀ láti Adó o. Ògbufọ̀ tó wà láàárín Windows àti ẹ̀rọ ni. Torí náà, àwòrán lè mọ́ rekete kí touch, ìyẹn gbígbọ́ ọwọ́, sì kú fin-ín-fin-ín, láìjẹ́ pé dígí ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Wáyà lè yọ. Driver lè dàrú. Windows fúnra rẹ̀ lè ti mú ẹ̀rọ náà sùn kí bátìrì má bàa tètè tán, kó wá gbàgbé láti jí i. Ṣájà lè máa yọ ọ́ lẹ́nu. Skríìnì tó kú gan-an wà, n kò ní kò sí, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ló máa ń tò sí.

Lálẹ́ òní, ẹ yan Restart, ẹ má yan Shut down. Wọ́n jọra lójú, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ìgbà Windows 8, lọ́dún 2012, ni wọ́n ti fi ohun tí wọ́n ń pè ní Fast Startup sí i: tí ẹ bá tẹ Shut down, ẹ̀rọ náà kò sùn tán, ó kàn dijú ni, àìsàn àná á sì bá a jí lọ́la. Restart ló ń nu ọpọlọ rẹ̀ mọ́. Tí kò bá gbọ́, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ máòsì, kí ẹ wá tẹ ibi tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀, kí ẹ má gbọ́wọ́ kúrò títí ẹ ó fi ka ọgbọ̀n. Ìyẹn ń gbọn iná tó há sínú rẹ̀ dànù.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ System, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé About. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Pen and touch. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ gan-an ni kí ẹ dà kọ fún mi, ẹ má túmọ̀ rẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ dá sí i láti àná pọ̀, mo ka gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó pọ̀ jù ní kí Tíṣà fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé kó pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kó gbé Windows tuntun sí i. Ẹ̀yin ará, bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Obìnrin yìí sọ fún yín pé máàkì àwọn ọmọ wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ wáyà ló yọ, ẹ lè fọ́ọ̀mátì rẹ̀ nígbà méje, Windows tuntun á tàn, á mọ́ bí ẹyin, skríìnì ò sì ní gbọ́ ọwọ́ síbẹ̀. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀: ó rọrùn fún ẹni tó ń ṣe é, ó sì ṣeé gba owó lé lórí.

Àwọn kejì ni ẹgbẹ́ a-nu-skríìnì. Ẹnìkan ní sípíríìtì, ẹnìkan ní sanitáísà, ẹnìkan tiẹ̀ ní kẹrosíìnì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi kẹrosíìnì nu láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí tiyín wà lọ́dọ̀ yín. Ohun mímú bẹ́ẹ̀ lè bó ìpara tí wọ́n fi tọ́ ojú dígí láti ilé iṣẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ rírọ̀ tí a fi ń nu ìgò ojú ti tó. Kí omi díẹ̀ wà lára aṣọ, kì í ṣe lára skríìnì, kí ẹ̀rọ sì wà ní pípa.

Mi ò ní kí a má nu ún o. Nígbà ọyẹ́, awọ ìka máa ń gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ìka tó gbẹ kì í sì í yí iná yẹn padà dáadáa; ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ ni mò ń wí, kì í ṣe ìlú Ọ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọ̀rá òrí bá wà lọ́wọ́, tàbí tí ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ bo skríìnì bá ti wú bọ́n-ùn bọ́n-ùn. Àmọ́ gbogbo ìwọ̀nyí, ségesège ni wọ́n ń mú un ṣe. Wọn kì í pa á láti igun dé igun lójijì. Ẹ jẹ́ ká ya èyí tó ń ṣe ségesège sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kú, torí ọ̀nà wọn ò papọ̀. Tó bá jẹ́ apá kan péré ni kò gbọ́, bí ìlà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má yọ driver lẹ́nu rárá. Dígí ni ẹ kọ́kọ́ wò, ó lè ti sán níbì kan.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tó ní update, ìyẹn àtúnṣe tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ sí Windows, ló ṣe é. Àwọn wọ̀nyí sún mọ́ òótọ́ díẹ̀. Mo ti rí i tí update gbé driver gbogbogbòò bo èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ fi sí i, tí touch sì lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ àmì Windows pẹ̀lú lẹ́tà X, ẹ wọ Device Manager, ibi tí Windows to orúkọ àwọn ẹ̀rọ inú láptọ́ọ̀pù sí, ẹ ṣí Human Interface Devices. Ẹ máa rí HID-compliant touch screen níbẹ̀. Tí ọfà kékeré kan bá dojú kọlẹ̀ lára rẹ̀, ẹnìkan ti pa á ni. Ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, ẹ yan Enable device. Tí kò bá ní ọfà, ẹ yan Uninstall device, kí ẹ Restart; Windows á wá a rí fúnra rẹ̀, á tún un gbé kalẹ̀. Roll Back Driver náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ pé lẹ́yìn update ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wá fi ìyẹn sọ pé kí èèyàn má ṣe update mọ́ láéláé, mi ò bá a lọ. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, àwọn èèyàn ṣì ń lò ó ní Adó níbí láti fi wọ báńkì wọn. Ẹ wá ń bẹ̀rù nítorí touch.

* * *

Arákùnrin tó kọ̀wé láti Òkèṣà, tìrẹ kò jọ ti Tíṣà. O ní tìrẹ kò kú, ó ń tẹ ara rẹ̀ ni, ó ń ṣí ohun tí o kò ṣí, pàápàá lálẹ́. Àwọn kan ti ń bá ọ wá wòlíì. Kí o tó lọ, gbọ́ èyí.

Láptọ́ọ̀pù ìjọ kan wà lọ́wọ́ mi ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi ń gbé orin sí ara ògiri. Lójú ìsìn, orin á ṣàdédé fò kúrò, àwòrán ẹlòmíràn á jáde. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yí driver rẹ̀ padà, ó ń ṣe dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ya wèrè lọ́dọ̀ wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I pass my neighbour, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Àmì tó ń fi ibi tí ìka tẹ̀ hàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti igun kan sí ìkejì, bí ìgbà tí eṣinṣin márùn-ún bá bà lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ara irin rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n mí wìrìwìrì, bí ẹni pé kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ. Mo fa ṣájà yọ. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ṣájà náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ti kán ẹsẹ̀ kẹta kí ó lè wọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n oníhò méjì. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ni ti wáyà tó ń lọ sínú ilẹ̀. Òun ló yẹ kó máa gbé iná tó ṣẹ́ kù dànù. Nígbà tí kò sí i, ara láptọ́ọ̀pù ni iná náà ń dúró sí, ẹ̀rọ tó ń wá ìyípadà iná kékeré lábẹ́ ìka á sì máa rí ìyípadà níbi tí kò sí ìka. Jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń gbọ̀n àti ínfátà olówó pọ́ọ́kú ń dá kún un.

Torí náà, kí gbogbo ẹni tí touch rẹ̀ ń ṣe ségesège kọ́kọ́ fa ṣájà yọ, kó lò ó pẹ̀lú bátìrì nìkan fún wákàtí kan. Tó bá dára, kì í ṣe ti skríìnì. Ẹ pe oníná kó wo wáyà ilẹ̀ ilé yín. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ ní Adó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta lára ògiri, ìkẹta kò sì so mọ́ nǹkan kan lẹ́yìn.

* * *

Tíṣà ti dá èsì padà. Ó kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe gbogbo rẹ̀, mo ka ọgbọ̀n, mo tiẹ̀ ka àádọ́ta. About kọ ọ́ pé No pen or touch input is available for this display. Ní Device Manager, mo rí HID bíi mẹ́fà, kò sí èyí tó ní touch screen nínú wọn. Ṣé ó ti tán nìyẹn?"

Kò tíì tán. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé Windows kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ touch wà nínú ilé. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Wọn ò ríra ni. Ẹ wọ View nínú Device Manager kan náà, ẹ yan Show hidden devices. Tí HID-compliant touch screen bá wá jáde, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì, ó wà níbẹ̀ rí, ó sì ti jáde lọ. Ẹ wọ Action, ẹ yan Scan for hardware changes, bóyá á padà.

Tí kò bá padà, ó ku ìdánwò kan, òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹ kọ́kọ́ da máàkì àwọn ọmọ sí fláàṣì kan, ẹ gbé e pamọ́. Ẹ wá fi fláàṣì mìíràn, 16GB, gbé Ubuntu, ètò mìíràn tó lè darí láptọ́ọ̀pù dípò Windows, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ tan láptọ́ọ̀pù láti orí fláàṣì náà. Try Ubuntu ni kí ẹ yàn, ẹ má fọwọ́ kan Install. Tí ìka yín bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ara ẹ̀rọ dá ṣáṣá, Windows ló ń ṣàìsàn. Tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ driver mọ́. Inú ni kí a tú. Ẹnìkan ní ìdánwò yìí ti pọ̀ jù fún tíṣà. Kò pọ̀ jù. Wákàtí kan ni, a ó sì fi mọ̀ bóyá ₦95,000 tàbí òfo. Kí ẹ kàn rí i pé nọ́mbà BitLocker yín, kọ́kọ́rọ́ tí Windows fi ń ti ohun inú láptọ́ọ̀pù pa, wà ní ìkọsílẹ̀, òǹkà 48 ni, torí Windows lè béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé BIOS tuntun, ètò kékeré tó ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó dé, sí i nítorí èyí. Tí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́ yẹn, ẹ ó wá máa wá láptọ́ọ̀pù, kì í ṣe touch.

* * *

Èyí mú mi rántí ọmọ yunifásítì kan láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó ra tókunbọ̀ kan, sítíkà ara rẹ̀ ní touch, ẹni tó tà á ní touch, kò sì gbọ́ ọwọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní driver ni, kó lọ ra dátà, kó wà á jáde láti orí ayélujára. Ó wa driver fún odindi sáà ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi ìka tọ etí skríìnì rẹ̀: ó ní férémù oníke tó yọ sókè yí ká, àwòrán rì sínú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onítouch, dígí wọn ń tẹ́ pẹrẹsẹ dé etí ni. Mo tú u. Ẹnìkan ti yọ skríìnì onítouch kúrò kó tó dé Nàìjíríà tàbí lẹ́yìn tó dé, ó sì fi lásán sí i. Wáyà touch wà níbẹ̀ tí kò so mọ́ ohunkóhun, wọ́n fi téèpù dúdú ká a mọ́ra bí ìwọ́ ọmọ tuntun. Kò sí driver tó lè gbọ́ ọwọ́ tí kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tókunbọ̀, lójú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti ṣí About.

* * *

Ẹnìkan ń bínú pé ohun àìpẹ́ ni touch, pé kò lè tọ́jọ́. Kì í ṣe ohun àìpẹ́. Ọdún 1965 ni E. A. Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Malvern ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa skríìnì tó ń gbọ́ ìka. Ní 1983, HP gbé HP-150 jáde, kọ̀ǹpútà tí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ń kọjá níwájú skríìnì rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì yí férémù rẹ̀ ká. Ìka kàn ń gé ìmọ́lẹ̀ náà ni. Eruku a máa dí àwọn ihò náà. Tó bá jẹ́ pé Adó ló wà, ọyẹ́ kan ṣoṣo ló máa rí. Tiwa òní le jù ú lọ dáadáa. Wáyà rẹ̀ ni kò le.

* * *

Tíṣà, ẹ dúró. Mo padà ka ìbéèrè yín látòkè, ojú sì tì mí.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé pádì abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ti ń le láti bí oṣù kan, ẹ ní kò kan ọ̀rọ̀, èmi náà sì fò ó kọjá bí ẹni tí kò lójú. Ó kàn án. Abẹ́ pádì yẹn gan-an ni bátìrì wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Tí bátìrì bá ń wú, á máa ti pádì láti ìsàlẹ̀, kò sì ní ṣeé tẹ̀. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ fi ìka tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń mì? Ẹ pa á dé. Ṣé ẹnu rẹ̀ pàdé, àbí àlàfo wà ní iwájú?

Tó bá ń mì, ẹ fi Ubuntu sílẹ̀. Ẹ má tún fi ṣájà sí i, ẹ pa á, ẹ má gbé e sórí ibùsùn, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn lọ́la lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, nínú àpò tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé tòmátì lé.

Àwọn tó ń béèrè bí bátìrì ṣe kan skríìnì: nínú irú èyí tó ń yí orí, wáyà touch ń gba inú hínjì sọ̀ kalẹ̀, ó sì sábà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ bátìrì kọjá kó tó dé ibi tó ti wọlé.

* * *

Ó gbé e wá lánàá. Láti orí káńtà ni mo ti rí i, ó ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án, méjì nínú wọn wà lábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ojú kì í dé. Mi ò tíì fi nǹkan kan ṣí ìdérí náà tó fi gbé ara rẹ̀ sókè, pákáù.

Àpò mẹ́ta ni bátìrì náà ní. Ti àárín ti wú bí pọfupọ́ọ̀fù, awọ rẹ̀ le, ó ń dán. Kò tíì rùn. Tó bá ti ń rùn dídùn dídùn bí ọ̀dà èékánná, ìta gbangba ni a ò bá ti parí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fọwọ́ kan irin wíńdò ná, torí iná ara tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń kó báni, mo yọ ẹnu bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Wáyà touch nìyẹn, pẹlẹbẹ, kò fẹ̀ ju èékánná ìka kékeré lọ, ó ń gba etí bátìrì kọjá. Wíwú bátìrì ti fà á. Apá kan ẹnu rẹ̀ ṣì wà nínú ihò, apá kejì ti jáde ní ìwọ̀n sisanra òwú ìránṣọ kan. Ìwọ̀n yẹn náà ni ₦95,000. Mo ní kí Tíṣà tẹ̀ síwájú kó fi ojú ara rẹ̀ rí i kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìdérí dúdú kékeré kan wà lórí ihò yẹn, ó ń ṣí sókè bí ìpéǹpéjú. Mo ṣí i, mo ti wáyà wọlé kó gún régé, mo pa á dé.

Tirẹ̀ jẹ́ irú tó ń tàn láìsí bátìrì. Mo fi ṣájà sí i, a wọ About. Touch support with 10 touch points. Ó fi ìka kan fa máàkì JSS 2 sókè, ó fà á sọ̀ kalẹ̀, ó tún fà á sókè. Ó ní "Ha, ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́!" Ó wá béèrè bóyá kó lọ bá ìyá onítòmátì jà. Mo ní apẹ̀rẹ̀ yẹn ló parí iṣẹ́, àmọ́ bátìrì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

* * *

Iye owó, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè: bátìrì ₦28,000, owó iṣẹ́ ₦7,000. Bátìrì ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Títí di ìgbà náà, orí iná nìkan ni yóò máa lò ó. Tí iná bá lọ, iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ bá a lọ nìyẹn, ó ti mọ̀.

Ẹni tó ní kí n fi abẹ́rẹ́ gún bátìrì tó wú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kó lè padà sílé: jọ̀wọ́, má gun nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbaná, bátìrì tí wọ́n gún lè gbiná lójú ẹsẹ̀, omi kì í sì í tètè pa á. Èyí tó wú kò ṣeé tẹ̀ padà. Ti Tíṣà wà nínú garawa yanrìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, jìnnà sí ibi tí a ti ń sun pàǹtí, títí ọkùnrin tó ń ra bátìrì àlòkù fi máa dé. Ẹni tó ní kí a fọ́ọ̀mátì rẹ̀ tún ti kọ̀wé láàárọ̀ yìí pé kí a ṣì fọ́ọ̀mátì rẹ̀, kó lè yá sí i. Mi ò dá a lóhùn.

Tíṣà, tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ gbé ṣájà yẹn dání. Mo rí i pé ẹsẹ̀ méjì ló ní.